Fáànù Tó Ń Kú Láàárọ̀

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ìyàwó ọmọ mi ti ń ti rìmóòtù fáànù bọ abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ló ń fi í pa mọ́ fún. Mo kọ́kọ́ rò pé kó má baà sọnù ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ìrọ̀rí sókè, mo sì rí i níbẹ̀. Kí n tó nawọ́, ó ti sáré mú un. Ó ní, "Màmá, ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu, mo ti rí i," kò sì wo ojú mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ ọmọdé níwèé l'Ógbómọ̀ṣọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi, ojú rẹ̀ ni n óò ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí mi ò rò ni pé n óò dàgbà tán, kí wọ́n wá máa fi rìmóòtù pa mọ́ fún mi nínú ilé ọmọ tí mo fi ọmú mi tọ́.

Ọmọ tuntun ló gbé mi wá sí Àbújá. Ọmọ mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Galadimawa, nínú ilé oníyàrá méjì kan. Ìyàwó bímọ kí oṣù rẹ̀ tó pé, ọmọ náà sì kéré débi pé ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e, èmi tí mo ti gbé ọmọ ọlọ́mọ títí. Wọ́n ti mú un wálé láti ilé ìwòsàn kí n tó dé. Ooru ọdún yẹn burú. Òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀, ògiri ilé a sì máa gbóná títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lọ́jọ́ kan, ara ọmọ náà dédé gbóná, ni wọ́n bá sáré gbé e padà sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má dì í láṣọ jù, kí wọ́n má sì jẹ́ kí yàrá rẹ̀ móoru, torí bí irú ibà yẹn bá tún gbé e, gìrì lè mú un. Gìrì! Ẹni tó bá ti rí ọmọ tí gìrì mú rí kò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo fi máa dé, ọ̀rọ̀ yẹn ti wọlé tì wọ́n. Òun ni wọ́n ń bẹ̀rù tí wọ́n fi ń jẹun, òun ni wọ́n ń bẹ̀rù tí wọ́n fi ń sùn.

Nítorí gìrì ni ọmọ mi ṣe ra fáànù. Kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀ láyé tiwa. Èyí kì í jẹ iná púpọ̀, kì í pariwo, rìmóòtù ni wọ́n sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ní ìwọ̀nba iná tó ń jẹ ló jẹ́ kó ṣeé fi sílẹ̀ kó máa yí lórí ọmọ tọ̀sán tòru.

Mo wọlé, mo bá ọmọ tuntun tó dùbúlẹ̀ síwájú fáànù, mo sì lanu. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló gbé ọmọ jòjòló sídìí fáànù? Ṣé ẹ fẹ́ kí òtútù wọ̀ ọ́ láyà ni?" Mi ò rọra sọ ọ́ o. Ìyàwó gbọ́, ọkọ rẹ̀ gbọ́, bóyá àwọn ará ilé kejì náà gbọ́. Wọ́n fi mí jókòó, wọ́n ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ, mo sì gbà pẹ̀lú wọn lójú ẹsẹ̀. Èmi kì í ṣe arúgbó olóríkunkun. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Èyí tí mo sọ lọ́jọ́ tí mo dé ti fọ́ sílẹ̀ ní yàrá yẹn, kò sì sẹ́ni tó gbá a kúrò.

Iṣẹ́ tí mo bá wá, gbogbo ìyá ọkọ ló mọ̀ ọ́n. Mo máa ń jí kí ẹnikẹ́ni tó jí. Màá lọ sí kíṣìnnì, màá pọn omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, màá ti hítà bọ̀ ọ́, ìyẹn irin tí wọ́n ń rì sínú omi tí wọ́n ń fi iná mú gbóná. Omi ọmọ kò ju lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ. Ti ìyá ọmọ ni omi gidi. Ó gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kí n tó rẹ táwẹ́ẹ̀lì sínú rẹ̀, kí n fi tẹ ikùn rẹ̀, kí ara rẹ̀ lè tètè bọ̀ sípò. Nírọ̀lẹ́, ìwọ̀nba omi díẹ̀ la máa ń lò, orí gáàsì ni ìyàwó sì ń gbé e kà. Ti àárọ̀ ni hítà.

Omi Àbújá ò tiẹ̀ tètè hó. Nílé mi l'Ógbómọ̀ṣọ́, kí n tó gbàdúrà tán, hítà ti mú omi máa pariwo. Níbí, màá gbàdúrà fún ara mi, fún ọmọ, fún ìjọba, màá tún kọrin lé e, omi á ṣì máa wò mí. Mo sọ fún ọmọ mi pé hítà rẹ̀ ti di arúgbó bíi tèmi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa ra òmíràn. Kò sẹ́ni tó ronú kan nǹkan kan nínú wa.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbé omi dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí mo bá ìyàwó lórí ìdúró, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ọmọ, òógùn ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Fáànù dúró. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ìyàwó tẹ rìmóòtù, fáànù dún pí, kò yí. Ọmọ mi jí, ó yọ ọ́ nídìí iná, ó fi í sílẹ̀ díẹ̀, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. A dúpẹ́.

Ó tún kú lọ́jọ́ kejì. Ó fo ọjọ́ kan, ó tún kú. Àárọ̀ ni, àárọ̀ ṣáá ni. Kì í kú lọ́sàn-án tí gbogbo wa wà nílẹ̀, kì í kú nírọ̀lẹ́. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ń sùn, tí èmi nìkan sì jí, ìgbà yẹn gan-an ni. Ìyàwó bi mí lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó kúnlẹ̀ pàápàá, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ pa fáànù láàárọ̀?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Láti ọjọ́ yẹn, kò sùn mọ́ tí mo bá wà nínú yàrá. Bí mo bá gbé ọmọ lọ́sàn-án kó lè sinmi, yóò dùbúlẹ̀, yóò di ojú, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí ẹsẹ̀ nílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ojú á ti là. Ẹni tó ń tọ́jú ọmọ nílò oorun. Èmi ni mo wá láti jẹ́ kó sùn, èmi náà ni kò wá jẹ́ kó sùn mọ́.

Ọmọ mi ní kí a gbé fáànù lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún wọn ṣe nítòsí ráńdàbaòtù. Mo ní màá bá a lọ, torí mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ohun tó ń ṣe fáànù. Ọmọ Ìkìrun ni ọkùnrin náà, ó ti pẹ́ l'Ábújá. Ó tú fáànù lẹ́yìn, ó fi pátákó pẹlẹbẹ kékeré kan tó ní àwọn nǹkan wínníwínní lára hàn wá.

"Màmá, ẹ wo ó. Fáànù àtijọ́ ò ní ọpọlọ. Tí iná bá pọ̀ jù, á kàn máa sáré ni, títí wáyà inú ẹ̀ á fi jó. Èyí ní ọpọlọ, ibí nìyí. Tí iná bá lọ sílẹ̀ jù, tàbí ó lọ sókè jù, á pa ara ẹ̀. Tó bá yá, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò nídìí iná, á tún gbà láti ṣiṣẹ́."

Ó kì í bọ iná. Ó yí. A jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí wa, fáànù ò dúró rárá. Ó bi ọmọ mi bóyá iná ilé wa kì í dáa. Ọmọ mi ní òun ti wò ó nírọ̀lẹ́ lára ẹ̀rọ tó ń wọn iná ní pálọ̀, ó dáa, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ọ̀gá náà wá rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣe fáànù yìí o. A jẹ́ pé ẹnì kan nínú ilé ló ń pa á."

Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, èmi náà sì ń wo ojú títì, ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń kọjá. Ọ̀gá náà rí i pé ẹ̀fẹ̀ òun kò dùn, ó yára fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó. Ó ní bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, kí a gbé e wá, òun á fò ó. Ìyẹn ni pé òun á yọ ibi tó ń ṣọ́ iná kúrò lára ọpọlọ yẹn, òun á fi wáyà so ó kọjá. "Tí mo bá ti fò ó, ọ̀gá mi, kò ní dúró mọ́ láéláé. Bí iná ṣe wù kó wá, á máa yí." Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe nìyẹn. Fíúsì tó bá ń já, wọ́n á fi wáyà dì í. Ohun tó bá ń dí ènìyàn lọ́wọ́, wọ́n á fò ó. Ó dùn mọ́ ọmọ mi nínú, ó sì dùn mọ́ èmi náà. Mo rò ó pé ọjọ́ tí fáànù yìí ò bá kú mọ́, ọjọ́ yẹn ni wọ́n á tó fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Fáànù padà délé, ó tún kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni mo ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀ tí mo gbọ́ ohùn wọn nínú pálọ̀. Ìyàwó ló ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún díẹ̀díẹ̀.

"Mi ò bá Màmá jà. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ pé fáànù ò dáa fún un. Ta ló máa ń jí kí fáànù tó kú? Tí gìrì bá mú ọmọ yìí ńkọ́?"

Ọmọ mi ní, "Màmá ò lè purọ́ fún mi."

"Ta ló wá ń pa á?"

Mo dúró, mo ń retí ohun tí ọmọ mi máa sọ. Kò sọ nǹkan kan. Inú bí mi sí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju ọ̀rọ̀ ìyàwó lọ. Mo wọ yàrá mi, mo sunkún, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú ilé tiwọn, àgbà wà níbẹ̀, wọ́n sì ní òun gan-an ló ń wọ́ orí ọmọ.

Mo pe ọmọ mi nírọ̀lẹ́, mo sọ fún un pé ọjọ́ Sátidé ni màá padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ mí. Mo ní kó dìde. "Mi ò bínú sí ìyàwó rẹ. Bó bá jẹ́ èmi ni mo bímọ, tí mo sì rí ohun tó rí, ohun tó ń rò ni èmi náà máa rò. Ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó sínú ilé tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọwọ́ mi." Irọ́ ni mo pa fún un lápá kan. Mo bínú sí ìyàwó. Mo bínú sí òun náà. Mo bínú sí fáànù jù lọ, nítorí pé kò lẹ́nu tí mo lè fi ejọ́ rò ó. Ọmọ mi ní òun á gbé e lọ fún ọ̀gá yẹn kó fò ó, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà wà lẹ́nu iṣẹ́ kan ní Idu, ó ní ọ̀sán Sátidé ni òun á tó ráyè. Mo ní kó dáa. Kí wọ́n fò ó. Èmi á ti lọ.

Àárọ̀ Sátidé dé, báàgì mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò lè lọ láìwẹ ọmọ. Mo wọ yàrá wọn, mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó gbóná díẹ̀, kì í ṣe ibà, ṣùgbọ́n ó gbóná ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Fáànù ń yí. Ìyàwó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ti pọ́n fún àìsùn. Ìbínú mi ru sókè lójijì. Mo pe ọmọ mi.

"Ìwọ lọ gbé omi kaná lónìí. Èmi ò kúrò nínú yàrá yìí. Ìyàwó, mú rìmóòtù rẹ dání, kí o sì máa wo ọwọ́ mi."

"Màmá, mi ò sọ pé—"

"Máa wò ó ṣáá."

Mo fa àga kékeré kan, mo jókòó jìnnà sí fáànù, mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé itan. Òun náà ń wò mí, èmi náà ń wo fáànù. Lókè bẹ́ẹ̀dì ọmọ ni wọ́n fi gílóòbù pupa kan kọ́ sí, irú ti àtijọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n rà á, torí pé àwọn tuntun funfun yẹn ń ta ojú mi. A gbọ́ tí ọmọ mi ń pọn omi ní kíṣìnnì. A gbọ́ tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀. Mo ń gbàdúrà nínú mi pé kí fáànù kú. Mo mọ̀ pé àdúrà burúkú ni, pẹ̀lú ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni mò ń gbà.

Gílóòbù ló kọ́kọ́ yí padà. Pupa rẹ̀ di funfun lójú wa, gbogbo yàrá mọ́lẹ̀ kedere. Ohùn fáànù ga, ó tín-ín-rín, ó wá dún pí, ó dúró. Iná kékeré ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Ìyàwó tẹ rìmóòtù ọwọ́ rẹ̀. Fáànù ò dá a lóhùn. Ó wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí itan mi.

Mo kígbe sí kíṣìnnì, "Kí lo ṣe báyìí?"

"Hítà ni mo tàn, mà!"

"Pa á!"

Gílóòbù padà sí pupa rẹ̀.

"Tún un tàn!"

Funfun. Ìyàwó fọwọ́ bo ẹnu. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dìde jó. Mo ní kó pa á. Mo ní kó tún tàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí mo fẹ́ kí ìyàwó rí i yékéyéké, kó má lè sọ lọ́la pé ojú òun ló ṣe òun. Ó tàn án. Gílóòbù bú gbàà, àfọ́kù rẹ̀ ya sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ọmọ figbe ta. Ìyàwó ti gbé e mọ́ àyà kí n tó dìde. Òórùn kan sì ń ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ̀, òórùn rọ́bà tó ń jó.

Ayọ̀ mi kú síbẹ̀. Ọmọ mi ti pa hítà, ó sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ń pe ọ̀gá yẹn, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ṣàlàyé. Ọ̀gá náà gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ tan hítà, gílóòbù yàrá wá mọ́lẹ̀ sí i? Kai! Ọ̀gá mi, ẹ ọ́ọ̀fù méènì. Báyìí báyìí. Ẹ má fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan. Ẹ jẹ́ kí màdáàmù gbé ọmọ jáde. Mo ń bọ̀."

Méènì, irin tí wọ́n fi ń pa iná gbogbo ilé, wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí pákó tí wọ́n kan gbogbo fíúsì mọ́. Ọmọ mi nawọ́ sí i. Mo rí omi tó ń kán sílẹ̀ láti ìka rẹ̀, mo sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán lórí táìlì.

"Ọwọ́ rẹ tutù! Má fọwọ́ kàn án!"

Ohùn tí mo fi ń dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ dúró ní pápá ilé ẹ̀kọ́ ló jáde lẹ́nu mi. Ó dúró gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin. Mo tú ìró òkè mi, mo jù ú sí i, ó fi nu ọwọ́ títí ó fi gbẹ. Mo bọ́ sálúbàtà rọ́bà ẹsẹ̀ mi fún un. Kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ sẹ́yìn, mo ní kó máa fi ìka nìkan dúró. Ó di ojú, ó fa méènì wálẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́. Fíríìjì dákẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìyàwó wà níta lábẹ́ igi pẹ̀lú ọmọ nígbà tí ọ̀gá náà dé. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan yẹ pákó fíúsì wò bóyá iná ṣì wà níbẹ̀, ó wá tú ìdérí rẹ̀. Ó pè wá wá wò. Lẹ́yìn ìdérí, níbi tí wọ́n ti so wáyà dúdú kan, gbogbo rẹ̀ ti di èédú. Rọ́bà ti yọ́ dànù. Pákó ìsàlẹ̀ ti jó wọnú, ó dúdú títí dé ẹ̀yìn.

"Màmá, láìnì méjì ló wọ ilé yìí. Ọ̀kan ń gbé kíṣìnnì àti pálọ̀, ọ̀kan ń gbé yàrá. Ṣùgbọ́n wáyà kan ṣoṣo làwọn méjèèjì ń gbà padà, òun là ń pè ní nútírà. Òun ló jóná yìí. Tẹ́ ẹ bá ti tan hítà, iná ẹ̀ ò rí ọ̀nà padà, á wá máa gba inú yàrá lọ. Hítà ò ní rí iná tó tó, yàrá á máa rí èyí tó pọ̀ jù."

"Ìdí nìyẹn tí omi mi ò fi ń tètè hó?"

"Ìdí nìyẹn, mà."

Ọmọ mi ní òun ló ní kí wọ́n fa láìnì kejì sí i lọ́dún tó kọjá, kí iná lè máa wà lára ọ̀kan bí ìkejì bá lọ. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣe é. Ọ̀gá náà ní òun mọ̀, òun náà ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó wá bi wá ohun tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Orí ọmọ ni wọ́n kọ síbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni atẹ́gùn fáànù ti ń dé dáadáa.

Ọ̀gá náà wọ yàrá, ó gbé ọwọ́ lé ògiri náà, ó yára gbé e kúrò, torí ògiri ṣì gbóná. Ó fọwọ́ nu ojú. "Fáànù yìí ń sọ fún yín láàárọ̀ láàárọ̀. Ká ní mo ti fò ó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e wá, iná ìbá ti ran ògiri yìí kẹ́ ẹ tó mọ̀." Ọmọ mi jáde lọ bá ìyàwó rẹ̀ níta, mo rí i láti ojú fèrèsé tó gbé orí lé èjìká rẹ̀.

Ọ̀gá gé gbogbo ibi tó jóná kúrò, ó yọ pákó, ó fi wáyà tuntun tó nípọn so nútírà, ó sì dè é mọ́lẹ̀ pẹ̀lú irin. Ó ní kí wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ iná kí wọ́n wo ti orí òpó náà. Lẹ́yìn náà ló ki mítà rẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń wọn iná, bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá, ó ní kí wọ́n tan hítà. Gbogbo wa yí mítà náà ká, ìyàwó pẹ̀lú ọmọ lápá. Nọ́ńbà inú rẹ̀ ò mira. Fáànù ń yí. Mi ò tíì rántí orin tí mo fẹ́ kọ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní kíṣìnnì.

Mo wẹ ọmọ. Mo tẹ ikùn ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, mi ò rí báàgì mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́, ọmọ mi ti gbé e padà sí yàrá mi.

Mo jókòó sórí àga kékeré yẹn, mo gbé ọmọ lé itan. Ara rẹ̀ ti tutù. Ìyàwó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ó tó." Mo ṣì ń bínú díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ó nawọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó mú rìmóòtù jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì pa ìka mi dé lé e lórí.

"Màmá, ẹ bá wa mú un dání."

Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó sì kọ ẹ̀yìn sí èmi àti ọmọ. Mo ṣí ẹsẹ̀ nílẹ̀, mo tún àga fà, kò yíjú padà. Oorun ti gbé e lọ. Apá mi kú, itan mi kú, ṣùgbọ́n mi ò gbé rìmóòtù yẹn sílẹ̀ títí ó fi jí.